Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àfisínú etí

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àfisínú etí, tí àwọn oníṣègùn mọ̀ sí cochlear implant, jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo iná mànàmáná, tí a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú orí ẹni tí etí rẹ̀ di gan-an tàbí ẹni tí kò gbọ́ràn rárá. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìrànwọ́ ìgbọ́ràn tí a máa ń fi há etí. Èyí tí a ń fi há etí kàn ń sọ ohùn di ńlá ni, kí ìwọ̀nba agbára tí ó kù nínú etí lè gbọ́ ọ. Èyí tí a ń fi sínú etí ń fo ibi tí ó ti bàjẹ́ kọjá, ó sì ń fi iná mànàmáná kékeré kan iṣan ìgbọ́ràn fúnra rẹ̀ ní tààràtà. Ní ọdún 2022, iye irú ẹ̀rọ yìí tí a ti fi sí etí àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo adití sàn. Bí ẹni tí ó ń lò ó bá bọ́ apá tí ó wà lẹ́yìn etí sílẹ̀, adití ni ó tún jẹ́ títí yóò fi dá a padà. Bákan náà, ohùn tí ó ń gbé wọ inú ọpọlọ kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí etí tí ó yá ń gbọ́. Síbẹ̀, ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí etí wọn di tún máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní adití gbọ́ èdè ilé wọn kí wọ́n sì sọ ọ́.

Bí etí ṣe ń gbọ́ràn

Ìgbì ohùn ń gba ihò etí wọlé, ó ń mi ìlù etí, ìlù etí sì ń mi àwọn egungun kéékèèké mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Egungun kẹta ń ti omi tí ó wà nínú ẹ̀yà kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Orúkọ Látìnì tí a ń pe ẹ̀yà yìí, cochlea, kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn ju ìgbín lọ, nítorí náà ìgbín etí ni a ó máa pè é nínú àyọkà yìí. Nínú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà. Bí omi bá ti mì, irun orí wọn yóò tẹ̀, wọn yóò sì sọ ìmìtìtì náà di àmì iná mànàmáná tí iṣan ìgbọ́ràn ń gbé lọ sí ọpọlọ.

Ìgbín etí ní ètò kan tí ẹ̀rọ àfisínú gbára lé. Ohùn tín-ín-rín ni ìdí rẹ̀ ń dá mọ̀, ohùn tí ó wúwo ni ṣóńṣó rẹ̀ ń dá mọ̀, àwọn ohùn yòókù sì tò sí àárín ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Georg von Békésy, ẹni tí ó ṣàlàyé bí ìgbì ohùn ṣe ń rìn nínú ìgbín etí, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1961 fún iṣẹ́ náà.

Sẹ́ẹ̀lì onírun ti inú, tí ó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ jùlọ, kò ju nǹkan bí 3,500 lọ nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kú, wọn kì í hù padà nínú ara ènìyàn. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí etí wọn di, iṣan ìgbọ́ràn ṣì wà láàyè bí sẹ́ẹ̀lì onírun tilẹ̀ ti kú tán. Ẹni tí ń jíṣẹ́ ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tíì dí. Orí èyí ni gbogbo èrò ẹ̀rọ àfisínú etí dúró lé.

Ohun tí ń sọ etí di adití

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 430 lọ ni etí wọn di dé ìwọ̀n tí wọ́n fi nílò ìtọ́jú, àti pé mílíọ̀nù 34 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àjọ náà fojú díwọ̀n rẹ̀ pé iye náà yóò ju mílíọ̀nù 700 lọ tí ó bá fi di ọdún 2050. Nínú ètò ìwọ̀n tí àjọ náà ń lò, a ń sọ pé etí di gan-an bí ohùn kò bá tó dẹ́síbẹ́lì 65 kí ènìyàn tó gbọ́ ọ, a sì ń sọ pé ó di kọjá bẹ́ẹ̀ bí ó bá tó dẹ́síbẹ́lì 80.

Àwọn ohun tí ń fa irú etí dídi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn mìíràn wà nínú àbùdá tí a jogún. Ní abúlé Adamorobe ní orílẹ̀-èdè Gánà, àbùdá kan tí ó yí padà ti mú kí adití pọ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀ láti ìrandíran, wọ́n sì ní èdè afọwọ́sọ tiwọn. Àrùn rùbẹ́là tí ó mú aboyún, jọ́ńdíìsì líle tí a kò tètè tọ́jú lára ọmọ tuntun, éèyi, ṣegede àti àrùn yírùnyírùn náà wà lára wọn. Àwọn oògùn kan bíi gentamicin àti streptomycin lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun bí a bá lò wọ́n kọjá ààlà. Ariwo líle àti ọjọ́ ogbó tún ń ba etí àgbàlagbà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún etí dídi àwọn ọmọdé ni a lè dènà, pàápàá nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aláboyún.

Àrùn yírùnyírùn gba àkíyèsí ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn tí àrùn náà bá ti lọ, egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ìgbín etí títí tí ihò rẹ̀ yóò fi dí, ẹ̀rọ kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi máa ń yára yẹ etí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí wò, tí wọn kì í sì í dúró bí wọ́n bá rí i pé ó ti di.

Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Apá ìta máa ń wà lẹ́yìn etí tàbí lára awọ orí. Máíkírofóònù, kọ̀ǹpútà kékeré tí ń tú ohùn palẹ̀, bátìrì, àti wáyà róbótó kan tí òòfà dì mọ́ orí ni ó wà níbẹ̀. Apá inú wà lábẹ́ awọ. Òun náà ní òòfà tirẹ̀, ó ní ẹ̀yà tí ń gba àmì láti ìta, ó sì ní okùn tín-ín-rín tí ó wọ inú ìgbín etí. Orí okùn yìí ni àwọn ẹlẹ́kítíróòdù tò sí, láti 12 títí dé 22 ní ìbámu pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Apá inú kò ní bátìrì. Ìgbì rédíò tí ń gba inú awọ kọjá ni ó ń gbé agbára àti ìsọfúnni wá fún un, kò sì sí wáyà kankan tí ó yọ jáde láti inú ara.

Bí ohùn bá dé, kọ̀ǹpútà kékeré náà yóò pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà, láti orí èyí tí ó wúwo dé orí èyí tí ó tín-ín-rín. Yóò wọn bí ohùn inú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ròkè tí ó sì ń rodò, yóò sì rán ìwọ̀n náà sí ẹlẹ́kítíróòdù tí ó wà ní ibi tí ó bá a mu nínú ìgbín etí. Èyí tí ó wà nítòsí ìdí ìgbín ń jíṣẹ́ ohùn tín-ín-rín, èyí tí ó wọ inú jìnnà ń jíṣẹ́ ohùn tí ó wúwo. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi tí ó wà nínú ìgbín etí ń gbé iná mànàmáná káàkiri. Bí ẹlẹ́kítíróòdù méjì bá tanná lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ wọn yóò dàrú mọ́ ara wọn. Blake Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wá ọ̀nà kan tí àwọn ẹlẹ́kítíróòdù fi ń tanná lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, láìpàdé ara wọn. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà ni òye ọ̀rọ̀ láìwo ẹnu ti di ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí lè ṣe.

Ìtàn

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Itálíà tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́, ki irin bọ etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì so wọ́n mọ́ bátìrì náà. Ó ní òun gbọ́ ariwo bí ìgbà tí nǹkan ń hó lórí iná. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó tún gba ọ̀nà yìí.

Ní ọdún 1957, ní ìlú Paris, André Djourno àti Charles Eyriès gbé ẹ̀rọ kan sínú orí ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn bíi ti ìrẹ̀, ó sì dá ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ̀ kí ẹ̀rọ náà tó bàjẹ́. Ìròyìn iṣẹ́ yìí dé etí William House ní Los Angeles, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1961. Ẹ̀rọ House ní ẹlẹ́kítíróòdù kan ṣoṣo. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ohùn wà àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbà yára tàbí falẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Ní ọdún 1984 ni àjọ tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn àgbàlagbà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni kò gbà nígbà náà pé ẹ̀rọ tí ó ní ẹlẹ́kítíróòdù díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì. Ibi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ni ìdáhùn ti wá. Ní ìlú Vienna, Ingeborg Hochmair àti ọkọ rẹ̀, Erwin Hochmair, tí àwọn méjèèjì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróòdù púpọ̀ kan tí a gbé sínú etí aláìsàn ní oṣù kejìlá ọdún 1977. Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, Graeme Clark ni ó ṣe tirẹ̀. Oníṣòwò oògùn ni bàbá Clark, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa. Ìdààmú bàbá yìí ni ọmọ fi yan iṣẹ́ etí. Ohun tí ó kọ́kọ́ dá a dúró ni bí okùn ẹlẹ́kítíróòdù yóò ṣe wọ inú ohun tí ó lọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ní etí òkun ní ọdún 1977, ó mú ìkarahun kan, ó sì ń ti igi koríko bọ̀ ọ́. Ó rí i pé èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ rọ̀ tí ìdí rẹ̀ sì le ni ó ń wọlé jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe okùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1978, ó gbé e sínú etí Rod Saunders, ẹni tí ó di adití nínú ìjàǹbá ọkọ̀.

Ní ọdún 1985, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí ó ti inú iṣẹ́ Clark jáde fún àwọn àgbàlagbà, ó sì fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún méjì ní ọdún 1990. Ọjọ́ orí náà wálẹ̀ sí oṣù 12 ní ọdún 2000, ó sì tún wálẹ̀ sí oṣù 9 ní ọdún 2020. Clark, Ingeborg Hochmair àti Wilson ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Lasker ti ìṣègùn ní ọdún 2013.

Àwọn tí ó yẹ fún

Kì í ṣe gbogbo adití ni ẹ̀rọ yìí lè ràn lọ́wọ́. Ó gbọdọ̀ jẹ́ pé iṣan ìgbọ́ràn wà, pé ìgbín etí ní ọ̀nà tí okùn lè gbà wọlé, àti pé a ti fi ẹ̀rọ ìrànwọ́ ìgbọ́ràn gbìyànjú láìsí èrè tí ó tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ọdún 2019 sọ pé kí a gbé e yẹ̀ wò fún ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn tí kò tó dẹ́síbẹ́lì 80 ní etí méjèèjì, ní ó kéré tán ní ìwọ̀n ohùn méjì nínú márùn-ún tí a ń dán wò.

Fún ọmọ tí a bí ní adití, àkókò ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ. Ọpọlọ ọmọdé ń fi ohun tí ó ń gbọ́ kọ́ ara rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ìgbọ́ràn inú ọpọlọ ń gba ẹ̀kọ́ jùlọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje, bí ohùn kò bá dé ibẹ̀ rí, ojú àti ìmọ̀lára ara a máa gba àyè náà, ẹ̀rọ kò sì ní wúlò púpọ̀ fún òye ọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń yẹ etí ọmọ tuntun wò kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò náà kò ní ìrora, ọmọ tí ó sùn pàápàá a lè ṣe é fún un. Níbi tí kò bá sí irú àyẹ̀wò yìí, òbí a máa retí pé ọmọ yóò sọ̀rọ̀ tí ó bá yá, ọdún tí ó ṣe iyebíye jùlọ a sì kọjá lọ.

Ọ̀ràn ẹni tí ó ti gbọ́ èdè kí etí rẹ̀ tó di yàtọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún, nítorí náà àgbàlagbà pàápàá lè jàǹfààní, àgàgà bí kò bá tíì pẹ́ tí etí rẹ̀ ti di.

Iṣẹ́ abẹ àti ohun tí ó tẹ̀lé e

A máa ń fi oògùn oorun kun aláìsàn, iṣẹ́ náà sì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Oníṣẹ́ abẹ yóò la awọ lẹ́yìn etí, yóò lu egungun tí ó wà níbẹ̀, yóò sì ti okùn ẹlẹ́kítíróòdù bọ inú ìgbín etí díẹ̀díẹ̀. Iṣan tí ń darí ojú àti ẹnu gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá, ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi gba ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ewu tí ó lè tẹ̀lé e ni òòyì ojú, àyípadà nínú ìtọ́wò, kíkó kòkòrò àrùn, àti sísọ ìwọ̀nba ìgbọ́ràn tí ó kù nínú etí náà nù. Àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí lè ní àrùn yírùnyírùn ju àwọn ẹlòmíràn lọ, nítorí náà a máa ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

A kì í sábà tan ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ tí a gbé e sí i. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ fi jiná. Ohùn àkọ́kọ́ kì í dùn mọ́ni létí: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ó dà bí ohùn ẹ̀rọ tàbí ohùn ẹyẹ. Onímọ̀ ìgbọ́ràn yóò máa tún ìwọ̀n ẹlẹ́kítíróòdù kọ̀ọ̀kan ṣe, ọpọlọ yóò sì máa kọ́ bí yóò ṣe túmọ̀ ohun tí ó ń gbọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tí a bí ní adití nílò ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá gbé ẹ̀rọ sí i láìsí ẹ̀kọ́ yìí, ohùn yóò wọ etí ṣùgbọ́n èdè kò ní tẹ̀lé e.

Ẹ̀rọ àfisínú etí àti àwọn èdè olóhùn

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni gbígbé gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ó ń gbé ìró kọ́ńsónáǹtì, ìró fáwẹ̀lì àti ìlọsí sílébù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítíróòdù 22 kò lè ya ohùn méjì tí ó sún mọ́ ara wọn sọ́tọ̀ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe. Nítorí náà ni orin kì í fi í dùn mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí kì í sábà pa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lára. Ní èdè tí ohùn ti ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ó di ọ̀ràn gidi. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Mandarin àti Cantonese fi hàn pé dídá ohùn mọ̀ àti pípè é bí ó ti yẹ máa ń nira fún àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí ju fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tí etí wọn yá lọ.

Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ "mo ra ọkọ́" àti "mo ra ọkọ̀" kò ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ èyí tí a rà, àfi ohùn orí sílébù ìkẹyìn. Ẹni tí ó gbọ́ "o lọ" àti "ó lọ" kò ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ ẹni tí ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yí gbólóhùn ká a máa ran olùgbọ́ lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kò tíì ní irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. A lè fi ìlù dùndún ṣàlàyé rẹ̀. Dùndún ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ jáde láìsí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ẹni tí etí rẹ̀ mọ́ ọn sì ń gbọ́ ohun tí ó wí. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rọ àfisínú etí: ó ń gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ohùn ni kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó fún ọmọ tí Yorùbá jẹ́ èdè ilé rẹ̀. Ó yẹ kí ìdánwò àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ti ohùn nínú.

Àríyànjiyàn láàárín àwọn adití

Ọ̀pọ̀ adití kò ka ara wọn sí aláìsàn. Wọ́n gbà pé àwùjọ ni àwọn jẹ́, tí ó ní èdè àti àṣà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ náà sínú etí àwọn ọmọdé, ẹgbẹ́ àwọn adití ilẹ̀ Amẹ́ríkà takò ó ní ọdún 1991. Wọ́n ní a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí kò lè sọ ìfẹ́ inú rẹ̀, àti pé a ń gba èdè afọwọ́sọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ náà yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ó gbà pé ọwọ́ òbí ni yíyàn wà, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ má ṣe wà láìní èdè.

Ìkìlọ̀ yìí ní ìdí. Láàárín ìgbà tí a mọ̀ pé ọmọ jẹ́ adití àti ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò fún un, oṣù tàbí ọdún lè kọjá. Bí kò bá sí èdè kankan tí a ń bá a sọ ní àkókò yìí, ìpalára rẹ̀ lè wà títí ayé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé èdè afọwọ́sọ kì í dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́, àti pé ọmọ lè kọ́ méjèèjì. Ní Áfíríkà, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1957 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èdè afọwọ́sọ ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kan àwọn adití, yálà wọ́n ń lo ẹ̀rọ tàbí wọn kò lò ó.

Owó àti ìtọ́jú ẹ̀rọ

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀rọ náà nìkan ń náni ní ohun tí ó ju 10,000 dọ́là lọ, kí a tó ka owó iṣẹ́ abẹ àti ti ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera ìjọba ni ó ń san án fún ẹni tí ó bá yẹ. Níbi tí ìdílé ti ní láti san án fúnra wọn, owó yìí ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gbọ́ràn. Ìnáwó náà kì í sì í tán ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bátìrì, wáyà àti apá ìta ń fẹ́ pààrọ̀, bátìrì tí a ń gba iná sí sì nílò iná mànàmáná tí ó dúró déédéé. Ọmọ tí apá ìta ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ tí a kò sì rí òmíràn rà fún ti padà sí ipò adití. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń gba òbí níyànjú láti ṣírò owó ọdún tí ń bọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yìí gbọdọ̀ sọ fún oníṣègùn kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò MRI, nítorí òòfà tí ó wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀. Ó sì gbọdọ̀ bọ́ apá ìta kí ó tó wẹ̀, àfi bí ó bá ní ìbòrí tí omi kì í wọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ àfisínú mìíràn

Fún ẹni tí ìgbín etí rẹ̀ yá ṣùgbọ́n tí ihò etí tàbí egungun etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tí a ń kàn mọ́ egungun orí, tí ń gba inú egungun mi ìgbín etí. Anders Tjellström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Gothenburg ní ilẹ̀ Swídìn ní ọdún 1977. Fún ẹni tí iṣan ìgbọ́ràn rẹ̀ kò sí tàbí tí a ti gé e nígbà tí a ń yọ kókó, ẹ̀rọ mìíràn wà tí a ń gbé sí ìdí ọpọlọ gan-an. William House àti William Hitselberger ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Los Angeles ní ọdún 1979. Èyí kì í sábà mú òye ọ̀rọ̀ wá tó ti inú ìgbín etí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ohùn wà, ó sì ń mú kí wíwo ẹnu rọrùn fún un.